Lọ́yà Tí Kì í Pariwo

     

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí wá láti ẹnu àwọn òbí. Ó ju ẹnì kan lọ tí ó ti bi wá pé: "Ọmọ mi tó ń ka ìwé òfin ní yunifásítì wá sílé fún ìsinmi, ó ní òun kò fẹ́ jẹ́ irú lọ́yà tí ń gbẹjọ́ rò fún àwọn tó ń jà sí ilẹ̀ tàbí àwọn tí ọlọ́pàá mú. Ó ní òfin òwò ni òun fẹ́ fi ṣe iṣẹ́, àti òfin ìdíje nínú ọjà, àti ìlàjà láàárín àwọn oníṣòwò orílẹ̀-èdè kan àti èkejì. Ẹ̀yin àgbà, iṣẹ́ wo nìyẹn? Ṣé owó ilé-ìwé wa kò ní wọ omi báyìí?" Ìyá kan tilẹ̀ fi kún un pé lọ́yà tí kì í dé kóòtù, bí alágbẹ̀dẹ tí kò ní ọmọ owú ni lójú òun.

Ìbéèrè náà kò burú. Ẹni tó bá ń fi owó àlùbọ́sà tàbí owó ìránṣọ rán ọmọ ní ìwé ní ẹ̀tọ́ láti mọ ibi tí owó rẹ̀ ń lọ. Nítorí náà a fẹ́ dáhùn rẹ̀ ní kíkún, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọmọ wa, ó sì tún kan àwa fúnra wa tí a ń ṣòwò ní Kánò níhìn-ín.

Nígbà tí a bá gbọ́ lọ́yà, ohun tó ń wá sí wa lọ́kàn ni ẹni tó dé irun funfun, tó wọ aṣọ dúdú, tí ohùn rẹ̀ ń dún bí agogo ní iwájú adájọ́. Irú wọn ni a kọ́kọ́ mọ̀. Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a bí sí Sàró, gba àṣẹ lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1879, òun ni a sì kà sí lọ́yà àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà. Láti ìgbà náà wá ni a ti ń rò pé ẹni tí ọ̀rọ̀ bá dùn lẹ́nu rẹ̀ nìkan ni lọ́yà. Ṣùgbọ́n bí òwò ti ń gbòòrò ni irú lọ́yà mìíràn ń pọ̀ sí i, tí iṣẹ́ tirẹ̀ pọ̀ ní ìdí tábìlì ju inú kóòtù lọ. Òun ni ó ń kọ ìwé àdéhùn kí ìjà tó dé. Bí ó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ìjà kò ní dé rárá, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé ó ṣe ohunkóhun. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi mọ iyì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi òwò tí gbogbo wa mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Oníṣòwò kan kó tòmátì sínú lọ́rì ní Kánò, ó fi ránṣẹ́ sí oníbàárà rẹ̀ ní Mile 12 ní Èkó. Orí fóònù ni wọ́n ti fẹnu kò sí iye owó. Ọkọ̀ bàjẹ́ lọ́nà, ọjọ́ méjì kọjá, ìdajì ẹrù sì ti rà kí ó tó dé. Ta ni yóò ru òfò náà? Ṣé ẹni tó kó o ránṣẹ́ ni, tàbí ẹni tó ń retí rẹ̀, tàbí ọlọ́kọ̀? Kálukú yóò ní ọrùn òun mọ́. Lọ́yà òwò ni ẹni tí ì bá ti bi wọ́n ní ìbéèrè kí tòmátì tó kúrò lóko. Ìgbà wo ni ẹrù di ti ẹni tó rà á? Bí ọkọ̀ bá dúró lọ́nà, owó ta ni yóò tún un ṣe? Ọjọ́ mélòó ni ẹni tó rà á ní láti fi sanwó? Bí ẹ kò bá sì gbọ́ ara yín yé mọ́, níwájú ta ni ẹ ó lọ? Lẹ́yìn náà yóò kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ méjì, àwọn méjèèjì yóò sì fọwọ́ sí i.

Àwọn baba wa náà mọ̀ pé gbèsè kò ṣe é fi ẹ̀rín gbà. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ láwìn káàkiri, tí a ń pè ní òṣómàáló, orúkọ wọn gan-an ti sọ bí wọ́n ṣe ń gba owó wọn: lórí òṣó ni onítọ̀hún yóò wà ní ẹnu ọ̀nà títí owó yóò fi jáde. Ọ̀nà náà ṣiṣẹ́ nígbà tí onígbèsè ń gbé ní abúlé tí gbogbo ènìyàn ti mọ bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ tó wà ní Ṣáínà tàbí ní Dubai? Ìwé ni yóò bá wa lóṣòó níbẹ̀. Ìwé kì í sùn, kì í gbàgbé, ojú kì í sì í tì í.

Ẹ̀ka kejì tí ọmọ náà dárúkọ ni ìlàjà, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní arbitration. Kò yẹ kí ìyẹn ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Àwọn àgbà ló ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Láyé àtijọ́ nínú ọ̀pọ̀ ìlú wa, àwọn Pàràkòyí ni olórí àwọn oníṣòwò, àwọn ni wọ́n sì ń parí ìjà ọjà. Nínú ẹgbẹ́ wa yìí pẹ̀lú, ẹ mọ iye ìjà àjọṣe òwò tí àwọn àgbà ti parí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dé àgọ́ ọlọ́pàá. Òfin ìjọba kò tilẹ̀ fojú di irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1991, nínú ẹjọ́ Agu àti Ikewibe, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ gbà pé ìdájọ́ àwọn àgbà ní ìlànà àṣà lè de àwọn tó jọ gbé ọ̀ràn wọn wá, bí ó bá jẹ́ pé tinútinú ni àwọn méjèèjì fi gbé e wá, tí wọ́n gbà pé ohun tí àwọn àgbà bá sọ ni abẹ gé, tí àwọn àgbà sì kéde ìdájọ́ wọn, tí àwọn méjèèjì fara mọ́ ọn nígbà náà. Ẹni tó bá ti gbà lánàá kò kàn lè kọ̀ ọ́ lónìí nítorí pé ó ti rí lọ́yà.

Ìlàjà tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ nínú ìwé jẹ́ ẹ̀gbọ́n èyí. Nínú ìwé àdéhùn gan-an ni àwọn oníṣòwò méjì yóò ti kọ ọ́ pé bí ìjà bá dé, àwọn kò ní lọ sí kóòtù. Ẹnì kan tàbí ẹni mẹ́ta tí àwọn jọ yàn ni yóò gbọ́ ẹjọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ ẹni mẹ́ta, ó sábà máa ń jẹ́ pé olúkúlùkù yóò yan ẹnì kan, àwọn méjì tí a yàn yóò sì wá ẹnì kẹta tí yóò jẹ́ alága. Wọn a máa gbọ́ tẹnu ẹni méjèèjì, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n níhìn-ín ni ìyàtọ̀ wà sí ìlàjà tí a mọ̀ nílé. Àwọn onílàjà yìí kì í bẹ ẹnikẹ́ni pé kó dárí ji ẹnì kejì. Ìdájọ́ ni wọ́n ń dá, ìdájọ́ náà sì lágbára. Ní ọdún 1958 ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn kan ní New York pé ìdájọ́ irú àwọn onílàjà bẹ́ẹ̀ tí a dá ní ilẹ̀ kan yóò múlẹ̀ ní ilẹ̀ kejì. Nàìjíríà wọ inú àdéhùn náà ní ọdún 1970, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ báyìí sì ti lé ní 170. Nítorí náà ẹni tó jẹ̀bi ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè sá lọ fi owó rẹ̀ pamọ́ sí Amẹ́ríkà, kó ní òun ti bọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni èyí, kó gbọ́ ìtàn tó ṣẹlẹ̀ sí orílẹ̀-èdè wa.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, Ilé-iṣẹ́ Ìjọba tó ń rí sí epo rọ̀bì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Process and Industrial Developments, tí a gé kúrú sí P&ID. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Ireland méjì ló dá a sílẹ̀, erékùṣù British Virgin Islands ni wọ́n sì ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àdéhùn náà ni pé Nàìjíríà yóò máa fún wọn ní gáàsì fún 20 ọdún. Wọn yóò kọ́ ilé ẹ̀rọ tí yóò sẹ́ gáàsì náà. Wọn yóò dá èyí tó mọ́ padà fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ kí a fi tan iná mànàmáná, wọn yóò sì mú èròjà olówó iyebíye inú rẹ̀ tà fún ara wọn. Lórí ìwé, ó dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà kò kọ́ ilé ẹ̀rọ, Nàìjíríà náà kò sì fún wọn ní gáàsì kankan.

Ní ọdún 2012 ilé-iṣẹ́ náà gbé ọ̀ràn yìí lọ síwájú àwọn onílàjà ní Lọ́ńdọ̀nù, gẹ́gẹ́ bí ìwé àdéhùn ti wí. Ẹni mẹ́ta ló jókòó: Lord Hoffmann tó jẹ́ alága, Sir Anthony Evans tí ilé-iṣẹ́ náà yàn, àti Olóyè Bayo Ojo, tó ti jẹ́ Mínísítà Ètò Ìdájọ́ rí, tí Nàìjíríà yàn. Ní ọdún 2015 wọ́n ní Nàìjíríà jẹ̀bi. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, méjì nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní kí Nàìjíríà san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là, èyí tí wọ́n ṣírò bí èrè tí ilé-iṣẹ́ náà ì bá jẹ fún 20 ọdún. Ẹnì kẹta wọn kò fara mọ́ iye owó náà. Wọ́n fi èlé 7 nínú 100 lé e lọ́dọọdún láti ọdún 2013. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: èlé nìkan ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá. Ẹ sùn, ẹ jí, gbèsè ti lé sí i. Nígbà tí ọdún 2023 fi máa dé, owó náà ti lé ní bílíọ̀nù 11 dọ́là. Bẹ́ẹ̀ kò sí iná kankan tó tàn nínú ilé ẹnikẹ́ni.

Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? Ìjọba wá àwọn lọ́yà tó mọ òfin òwò dájú, wọ́n sì gbé ọ̀ràn náà lọ sí kóòtù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tú ìwé wò, wọ́n wá ìwé ilé ìfowópamọ́, wọ́n tọ ipasẹ̀ owó láti ọwọ́ kan dé èkejì. Ìgbà tí wọ́n lọ ti pẹ́ ju gbèdéke tí òfin fún wọn, ṣùgbọ́n ní ọdún 2020 adájọ́ kan gbà kí a gbọ́ wọn nítorí ohun tí wọ́n ti rí. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2023, Adájọ́ Robin Knowles sọ ìdájọ́ tirẹ̀. Ó ní ọ̀nà ẹ̀tàn ni ilé-iṣẹ́ náà fi gba ìdájọ́ wọn. Wọ́n fún òṣìṣẹ́ àgbà kan ní ẹ̀ka òfin ilé-iṣẹ́ epo ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rí èké síwájú àwọn onílàjà. Wọ́n sì gba àwọn ìwé àṣírí tí àwọn lọ́yà Nàìjíríà kọ fún ìjọba, wọ́n pa á mọ́ sọ́wọ́ nígbà tí ẹjọ́ ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni gbèsè bílíọ̀nù 11 dọ́là náà ṣe kúrò lọ́rùn wa.

Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ará, pé adájọ́ náà kò dá ẹ̀bi sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ náà nìkan. Ó ní kí gbogbo ayé ronú lórí bí a ṣe ń kọ ìwé àdéhùn ńlá tí orílẹ̀-èdè ń tọwọ́ bọ̀, àti lórí irú ẹni tí a ń rán láti ṣojú orílẹ̀-èdè níwájú àwọn onílàjà. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣojú Nàìjíríà kò yẹ ẹ̀rí ọ̀tá wò bó ti yẹ, bẹ́ẹ̀ àwọn onílàjà kò lè mọ ju ohun tí a bá fi síwájú wọn lọ. Ó tún ní nítorí pé ìkọ̀kọ̀ ni irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń wáyé, kò sí akọ̀ròyìn tàbí ará ìlú tó lè rí i pé nǹkan ń wọ́. Bí ó bá jẹ́ pé lọ́yà kan tó gbọ́n tó sì mọ́ lọ́wọ́ ni ó jókòó ti ìwé yẹn ní ọdún 2010, kò sí ohun tí à bá máa sọ lónìí. Òbí tó bá tún bi wá pé kí ni lọ́yà òwò ń ṣe, ìdáhùn wa nìyẹn.

Ẹ̀ka kẹta ni òfin ìdíje, òun ni tuntun jù lọ láàárín wa. Ní ọdún 2019 ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin àpapọ̀ tó ń dáàbò bo ìdíje àti ẹ̀tọ́ àwọn tó ń ra ọjà, òfin náà ló sì dá àjọ tí a ń pè ní FCCPC sílẹ̀. Ohun tó ń sọ kò le: ẹni tó tóbi jù nínú ọjà kò gbọdọ̀ fi agbára rẹ̀ tẹ àwọn kéékèèké pa, àwọn tó ń ta ohun kan náà kò sì gbọdọ̀ kó ara wọn jọ láti fi ìyà jẹ ẹni tó ń rà. Àjọ náà kò sì fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ní ìparí ọdún 2023, British American Tobacco gbà láti san mílíọ̀nù 110 dọ́là. Ní ọdún 2024 àjọ náà bu mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni WhatsApp tí gbogbo wa ń lò. Ilé-iṣẹ́ náà pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ọ sì fi ọwọ́ sí ìtanràn náà ní ọdún 2025. Nínú gbogbo irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, àwọn lọ́yà ló wà ní apá ọ̀tún àti apá òsì.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan ni. Ọ̀rọ̀ yìí dé àárín ọjà wa. A mọ àṣà tó wà nínú ẹgbẹ́ ọjà mélòó kan: wọn yóò fi iye kan lé ọjà, ẹni tó bá tà á ní kékeré ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò san owó ìtanràn, tàbí kí wọ́n ti ìsọ̀ rẹ̀ pa. Tàbí wọn yóò ní kí ọlọ́jà tó ti oko wá má ṣe já ẹrù rẹ̀ àyàfi nípasẹ̀ ẹgbẹ́. A ń pè é ní ìṣọ̀kan. Òfin ń pè é ní ẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 2024 àjọ náà kìlọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ ọjà lórí ọ̀ràn yìí gan-an. Ẹgbẹ́ dára bí a bá fi ń ṣe ìrànlọ́wọ́ nígbà ọ̀fọ̀, tí a fi ń dá àjọ, tí a fi ń tún ọjà ṣe, tí a fi ń ṣọ́ ọjà lóru. Ṣùgbọ́n bí a bá fi dí ọ̀nà oúnjẹ ẹlòmíràn, tàbí tí a fi mú kí ẹ̀wà wọ́n fún ìyá ọlọ́mọ, ọ̀ràn ló ń bọ̀. Àwa tí a jẹ́ àlejò ní ìlú onílùú ló tilẹ̀ yẹ kó ṣọ́ra jù, kí orúkọ wa má bàa bàjẹ́ nítorí èrè ọjọ́ kan.

Ẹ̀yin tó ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ yìí kò lè gbé ọmọ dé ibì kankan, ẹ wo ìgbésí ayé Ọmọ Ọba Bola Ajibola, ọmọ Òwu ní Abẹ́òkúta. Ọdún 1934 ni a bí i. Ó ka ìwé òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di lọ́yà ní Lincoln's Inn ní ọdún 1962. Nígbà tó padà délé, òfin òwò àti ìlàjà láàárín orílẹ̀-èdè ló gbájú mọ́. Ó di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà ní ọdún 1984, ó sì di Mínísítà Ètò Ìdájọ́ ní ọdún 1985. Nígbà tí ó wà lórí àga náà, ní ọdún 1988, ni Nàìjíríà ṣe òfin ìlàjà tí a lò fún ọdún 35, kí òfin tuntun ti ọdún 2023 tó rọ́pò rẹ̀. Láti ọdún 1991 sí 1994 ó jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ ní Kóòtù Àgbáyé ní The Hague. Nígbà tí Kamẹrúùnù àti Nàìjíríà ń du Bakassi níwájú kóòtù náà, òun ni Nàìjíríà yàn láti bá àwọn adájọ́ jókòó, nígbà tí ìdájọ́ sì jáde ní ọdún 2002, ó kọ èrò tirẹ̀ tó yàtọ̀ sí ti àwọn tó pọ̀ jù. Ní ọdún kan náà ó wà nínú àwọn márùn-ún tó pààlà láàárín Eritrea àti Ethiopia, tí ogun ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn wọn. Ẹ ò rí i pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ìwé àdéhùn àwọn oníṣòwò ló wá ń bá orílẹ̀-èdè pààlà. Ó lọ ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ẹni ọdún 89.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín jẹ́ obìnrin, ẹ má ṣe fawọ́ sẹ́yìn. Stella Thomas, ọmọ oníṣòwò Èkó, di lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1933, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ṣe bẹ́ẹ̀. Folake Solanke, ọmọ Abẹ́òkúta, ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba oyè SAN, ní ọdún 1981.

Báyìí ni ọ̀nà náà ṣe rí. Ọdún márùn-ún ni ọmọ tó wọlé láti ilé-ìwé gírámà máa fi ka òfin ní yunifásítì. Bí ìjọba bá sì ń ti ilé-ìwé pa, ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ń bẹ ní Bayero níhìn-ín, òmíràn ní Zaria. Lẹ́yìn náà ni Law School tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1962. Ẹ̀ka rẹ̀ kan wà ní Bagauda ní ìpínlẹ̀ Kánò, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá pín ọmọ sí ni yóò lọ. Bí ó bá yege, wọn yóò pè é sí iṣẹ́ lọ́yà ní Àbújá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́yà tí ń dìde sọ̀rọ̀ ní kóòtù yàtọ̀ sí èyí tí ń kọ ìwé ní ọ́fíìsì. Ní tiwa, ẹnì kan náà ni méjèèjì, kálukú yóò sì yan ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá dá sí. Lẹ́yìn agùnbánirọ̀, yóò lọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àgbà lọ́yà. A kò ní tàn yín: owó oṣù àwọn ọdún àkọ́kọ́ kì í tó nǹkan, òbí ni yóò sì máa bá a fi kún owó ilé. Ẹni tó bá fẹ́ di onílàjà yóò tún ṣe ìdánwò ti Chartered Institute of Arbitrators, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1915, tó ní ẹ̀ka ní Nàìjíríà. Kì í ṣe lọ́yà nìkan ló lè wọ̀ ọ́ o. Ẹnjiníà, akáúńtáǹtì àti ayàwòrán ilé náà ń di onílàjà. Ẹni tó bá fẹ́ oyè SAN yóò ti lo ọdún mẹ́wàá ó kéré tán lẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Òkè Ọya tilẹ̀ ní ohun kan tí àwọn ẹgbẹ́ wọn kò ní. Wọ́n gbọ́ Hausa, wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gbọ́ Yorùbá, bí a bá ń sọ ọ́ fún wọn nílé. Bí wọ́n bá lè fi èdè Faransé kún un, ọjà Niger àti ti Benin ṣí sílẹ̀ fún wọn, nítorí Faransé ni gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè tó bá wa pààlà lórí ilẹ̀ fi ń kọ ìwé ìjọba, tàbí kí ó wà lára èdè tí wọ́n fi ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n èdè kò tó bí kò bá sí ìwà. Lọ́yà òwò ni ẹni tí àwọn ènìyàn ń fi àṣírí ọrọ̀ wọn sí lọ́wọ́. Bí ẹnu rẹ̀ bá ń jò, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ ń nà sí owó ẹ̀yìn, ẹ rántí ìwé tó jáde lọ́nà àìtọ́ nínú ọ̀ràn P&ID. Ilé ni ọmọ ti ń kọ́ ìyẹn, kì í ṣe Law School.

Kí a tó dákẹ́, ẹ jẹ́ kí àwa tí a ti kọjá ọjọ́ orí ilé-ìwé náà mú nǹkan dání. Èkínní, ẹ máa kọ àdéhùn sílẹ̀, ì báà ṣe láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Àwọn kan ní ìwé kíkọ fi hàn pé a kò fọkàn tán ara wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ló ń jẹ́ kí ìfẹ́ wà títí, pàápàá nígbà tí ẹnì kan bá kú, tí ọ̀rọ̀ bá ku sọ́wọ́ àwọn ọmọ tí kò sí níbẹ̀. Èkejì, ẹ má ṣe tẹ ìka tàbí fọwọ́ sí ohun tí ẹ kò kà, tàbí tí a kò kà fún yín ní èdè tó yé yín. Ẹ̀kẹta, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé náà pé bí ìjà bá dé, ta ni yóò parí rẹ̀, àti ní ìlú wo. Òfin ọdún 2023 ní kí àdéhùn ìlàjà wà ní kíkọ. Ẹ̀kẹrin, ẹ tọ́jú rìsíìtì àti ìwé ilé ìfowópamọ́. Ẹ̀karùn-ún, bí a bá pè yín síwájú onílàjà tàbí kóòtù, ẹ tètè lọ, ẹ sì rán ẹni tó mọṣẹ́. Ẹni tí kò dáhùn nígbà tí ọ̀rọ̀ wà ní kékeré ni yóò sáré nígbà tó bá di ńlá.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ jẹ́ lọ́yà òwò, ẹ má ṣe já a kulẹ̀. Ẹ bi í bóyá ó lè jókòó ti ìwé fún wákàtí mẹ́ta láìdìde, bóyá ó lè pa àṣírí mọ́, bóyá ó lè sọ fún olówó pé ohun tó fẹ́ ṣe kò dára. Bí ó bá lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ràn án lọ́wọ́. Nàìjíríà ṣì ní ìwé púpọ̀ tí yóò fọwọ́ sí, àwa náà ní Sábọ̀n Gàrí ṣì ní ẹrù púpọ̀ tí a ó kó sọ́kọ̀.

Kí Ọlọ́run pa wá mọ́ di oṣù tó ń bọ̀. Ire o.